Mo Wá Àádùn Lọ sí Ìkìrun, Mo Gba Ẹ̀kọ́ Bọ̀ láti Òkukù

Kò sí ìyá kan nínú wa tí kò mọ wákàtí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Oúnjẹ ọ̀sán ti dà nínú ọmọ, oúnjẹ alẹ́ kò sì tíì délẹ̀. Ọmọ ti ilé ìwé dé, ó ju báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Màmá, ebi ń pa mí." Kí ni a máa ń ṣe ní irú àkókò bẹ́ẹ̀? Owó kékeré ni a máa ń fà yọ, kí ọmọ sáré lọ ra bisikíìtì tàbí súìtì ní ìsọ̀ tí ó wà nítòsí. Bí ó bá jẹ ẹ́ tán, inú rẹ̀ a dùn fún ìgbà díẹ̀. Kò ní pẹ́ kò ní jìnnà, ebi a tún padà dé.

Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n ní ìgbà ọyẹ́ kan, mo pinnu pé ó tó gẹ́ẹ́. Mo ní n ó máa ṣe ìpápánu fúnra mi nílé, irú èyí tí a kò ní yan ní ófùnù, tí a kò sì ní dín nínú òróró. Dọ́ńkúwà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo lọ sí ọjà, mo rí ẹ̀pà kan tí owó rẹ̀ fi púpọ̀ wọ́n sẹ́yìn ju ti àwọn yòókù lọ, nítorí pé ó ti fọ́ wẹ́wẹ́, àwọ̀ rẹ̀ sì ti ń dúdú. Mo rà á, mo yan án, mo lọ̀ ọ́. Nígbà tí mo tọ́ ọ wò, ó ń korò díẹ̀. Kí ni mo ṣe? Mo da atalẹ̀ sí i, mo da kànáfùrù sí i, mo fi ata àti ṣúgà kún un, títí n kò fi mọ ìkorò náà lẹ́nu mọ́. Ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún méje, bu ẹyọ kan jẹ, ó sì tu ú dànù. Ó ní, "Màmá, ó korò." Mo bá a wí gidigidi. Mo ní bisikíìtì ni ó ti ba ẹnu rẹ̀ jẹ́. Ọmọ náà sunkún, kò sì fọwọ́ kan dọ́ńkúwà náà mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, tí ọ̀nà sì já sí Ìkìrun, ìlú àwọn ìyá mi, mo wí nínú ara mi pé n ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tí ojú mi rí àti ohun tí etí mi gbọ́ lọ́nà náà ni mo fẹ́ rò fún yín.

Ìkìrun, ìlú ìkóríta

Láti Òṣogbo ni mo ti wọ ọkọ̀. Ọyẹ́ mú púpọ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Ètè olúkúlùkù ti gbẹ, eruku sì bo ewé igi lẹ́bàá títì. Bí ẹ bá ń ti Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà, ẹ ó bá Ìkìrun lọ́nà, lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìnísà, lẹ́yìn Ìnísà ni Òkukù. Ìkìrun ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn; Òkukù sì ni ti Odò-Ọ̀tìn, èyí tí Ìnísà náà wà nínú rẹ̀. Odò Ọ̀tìn tí a fi sọ ìjọba ìbílẹ̀ náà lórúkọ kì í ṣe àjèjì nínú ìtàn wa. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1878, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà nítòsí Ìkìrun. Bí àwọn tí a lé ṣe ń já lu omi ni a fi ń pe ogun náà ní Ogun Jálumi títí di òní.

Ogun lọ, ojú irin dé. Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní ọdún 1907. A la ọ̀nà rẹ̀ gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà, nígbà tí ó sì fi di ọdún 1912, ó ti ń lọ dé Kánò. Báyìí ni ọ̀nà ṣe so ilẹ̀ epo pupa tiwa pọ̀ mọ́ ilẹ̀ ẹ̀pà lókè Ọya. Nítorí náà, kò yà mí lẹ́nu nígbà tí mo wọ ọjà Ìkìrun, tí mo rí àádùn tí í ṣe ti Yorùbá, tí mo sì rí dọ́ńkúwà tí a kọ́ lọ́dọ̀ àwọn Haúsá, tí àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn lórí àtẹ kan náà bí ìyàwó àti ìyálé tí ó rẹ́.

Ìyá àgbàlagbà kan ni ó ni àtẹ náà. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ra àádùn lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti jẹ àádùn rí yóò mọ ohun tí mo ń sọ. Òórùn àgbàdo yíyan ni yóò kọ́kọ́ bá yín nímú, epo pupa yóò wá fi adùn rẹ̀ kún un, lẹ́yìn náà ni ata yóò ta yín lọ́fun díẹ̀, bí ẹni ń rán yín létí pé ọyẹ́ kò lè mú yín mọ́. Ní ilé mìíràn, a máa ń gbé e kalẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ, kí ayé ọmọ tuntun lè dùn.

Mo béèrè bí ó ti ń ṣe é, kò sì fi pa mọ́ fún mi. Ó ní òun a yan àgbàdo gbígbẹ nínú agbada lórí iná tí kò le, òun a sì máa rò ó láìdúró títí yóò fi pọ́n dáadáa láìjóná. Bí ó bá tutù, òun a lọ̀ ọ́ kúnná, òun a sẹ́ ẹ. Òun a wá fi ata gbígbẹ àti iyọ̀ sí i, òun a sì máa ta epo pupa sí i díẹ̀díẹ̀, tí òun a máa fi ọwọ́ pò ó títí yóò fi di mọ́ra. Kò sí omi nínú rẹ̀ rárá, nítorí omi ni í tètè ba oúnjẹ jẹ́. Ìdí nìyí tí àádùn fi lè wà fún ọjọ́ mélòó kan láìkan.

Mo wá sọ ọ̀ràn tèmi fún un, bí mo ti fi atalẹ̀ àti kànáfùrù borí ìkorò ẹ̀pà. Ìyá náà wò mí, ó mi orí, ó ní, "Ọmọ mi, ata kì í tún hóró tí ó ti bàjẹ́ ṣe. Lọ bá àbúrò mi ní Ìnísà. Òun ni ó ń bá mi ṣa ẹ̀pà. Jókòó tì í, kí o sì wo ọwọ́ rẹ̀."

Àtẹ ẹ̀pà ní Ìnísà

Mo bá ìyá kejì lábẹ́ igi kan ní àgbàlá wọn ní Ìnísà. Oòrùn ti gòkè díẹ̀, ó ti fa aṣọ borùn, ó sì gbé àtẹ ẹ̀pà lé itan. Lẹ́yìn ìkíni, mo jókòó láti bá a ṣa á. Kò pẹ́ tí ó fi dá mi dúró. Ó ní ọwọ́ mi yá jù. Pé ojú ni a fi ń ṣa ẹ̀pà, kì í ṣe ọwọ́ nìkan. Ó yà á sí òkìtì méjì níwájú mi. Èyí tí ó mọ́, tí ó kún, tí àwọ̀ rẹ̀ jọra, ó dá a sí apá ọ̀tún. Èyí tí ó rún, èyí tí ó dúdú, èyí tí ewú hù lára rẹ̀, èyí tí kòkòrò ti lu, àti èyí tí ó ti ń hù, gbogbo wọn ni ó dà sí apá òsì. Òkìtì apá òsì náà kì í ṣe kékeré.

Ẹ mọ̀ pé àwa obìnrin kì í fẹ́ dà oúnjẹ nù. Mo ní, "Ìyá, ẹ kò ṣe fi èyí fún àwọn adìẹ?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Bí mo bá fún adìẹ, ta ni yóò jẹ adìẹ?" Ó sì kó gbogbo rẹ̀, ó lọ rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé.

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí wọ̀ mí lára, nítorí mo ti ka ohun tí ó jọ ọ́ nínú ìwé rí. Ní ọdún 1960, ní Ìlú Ọba, àwọn tòlótòló tí ó lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún, èyíinì ni 100,000, kú láìsí ẹni tí ó mọ àrùn tí ń pa wọ́n. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá ìdí rẹ̀ dé gbòǹgbò, wọ́n rí i pé inú ẹ̀pà lílọ̀ tí a fi ń bọ́ wọn ni ikú wà. Ewú kan ti hù lára ẹ̀pà náà, ó sì ti tú oró sínú rẹ̀. Oró yìí ni a ń pè ní áfílátọ́síìnì. Kì í ṣe ẹ̀pà nìkan ni ó ń bá jà. Ó ń bá àgbàdo náà jà bí a kò bá sá a gbẹ dáadáa, tàbí bí a bá tọ́jú rẹ̀ síbi tí ó tutù tí ó sì há. Ní ọdún 2004, ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, ènìyàn 317 ni a rí pé àgbàdo tí oró yìí wà nínú rẹ̀ mú ṣàìsàn, 125 nínú wọn sì kú.

Ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ èyí, ẹ̀yin abiyamọ. Iná tí a fi ń yan ẹ̀pà kò lè pa oró yìí tán. Omi tí a fi ń fọ̀ ọ́ kò lè fọ̀ ọ́ kúrò. Atalẹ̀ kò lè lé e, kànáfùrù kò lè lé e, ṣúgà kò lè lé e. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni pé kí wọ́n bò ó mọ́ wa lẹ́nu kí a má mọ̀. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń bá jà. Bí ènìyàn bá ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, a sì ti rí i pé àwọn ọmọdé tí ó ń jẹ ẹ́ kì í sábà dàgbà bí ó ti yẹ. Kì í ṣe gbogbo hóró tí ó ní oró ni yóò korò, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá korò ti kìlọ̀ fún wa. Bí a bá ṣa ẹ̀pà bí ìyá Ìnísà ti ṣà á, apá tí ó pọ̀ jù nínú oró náà ni a ó dà nù pẹ̀lú àwọn hóró tí ó rún tí ó sì dúdú wọ̀nyẹn.

Àwọn onímọ̀ kò káwọ́ lẹ́rán o. Ní Ìbàdàn, ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a ń pè ní IITA, tí a dá sílẹ̀ ní 1967, ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ohun kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Aflasafe. Àgbẹ̀ a máa fọ́n ọn sí oko àgbàdo àti oko ẹ̀pà, kí ewú tí kò ní oró lè gba ipò èyí tí ó ní oró. Ìjọba fi ọwọ́ sí lílò rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 2014. Ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ bá ti ṣe tirẹ̀ lóko, ti ìyàwó ilé ṣì kù lórí àtẹ.

Bí mo ti jókòó níbẹ̀ ni ojú tì mí. Mo rántí omijé ọmọ mi. Ahọ́n ọmọ ọdún méje ti sọ òtítọ́ fún mi, èmi ìyá rẹ̀ ni mo fi ṣúgà pa òtítọ́ mọ́, tí mo sì tún bá a wí.

Ọwọ́ àwọn obìnrin Òkukù

Ìyá Ìnísà di ẹ̀pà tí a ṣà sínú àpò kan, ó ní kí n bá òun gbé e fún ọmọ òun obìnrin tí ó relé ọkọ ní Òkukù, ẹni tí ó ń ṣe dọ́ńkúwà tà. Ọ̀nà náà kò jìn. Nígbà tí mo débẹ̀, oòrùn ti ń wọ̀, òtútù ọyẹ́ sì ti ń padà bọ̀. Àwọn obìnrin ilé náà kóra jọ sí ìdí iná ẹyọ kan. Ọ̀kan ń yan àgbàdo, ọ̀kan ń bó ẹ̀pà yíyan, ọ̀kan ń gún kànáfùrù nínú odó kékeré, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo àgbàlá.

Òkukù jẹ́ ìlú tí ohùn àwọn obìnrin ti níyì. Obìnrin ọ̀mọ̀wé kan láti Ìlú Ọba, Karin Barber, gbé láàárín wọn láàárín ọdún 1970 sí 1980, ó sì kọ ìwé ńlá kan lórí oríkì tí àwọn obìnrin Òkukù ń kì, èyí tí ó jáde ní 1991. Mo rò ó bí mo ti ń wo ọwọ́ wọn. Bí wọ́n ṣe fi ẹnu gba oríkì ilé ọkọ àti ti ilé baba wọn lọ́wọ́ àwọn àgbà, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fi ojú gba bí a ti ń mọ ẹ̀pà tí ó dára yàtọ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn. Bí ìran kan bá kọ̀ tí kò wo ọwọ́ ìyá rẹ̀, ìmọ̀ náà lè kú sórí àtẹ.

Ìyàwó ilé náà kò fi atalẹ̀ kún dọ́ńkúwà rẹ̀ àfi ìgbà tí ó ti tọ́ ẹ̀pà lílọ̀ náà wò láìní ohunkóhun nínú. Ó ní, "Bí kò bá dùn ní ìhòòhò, n kò ní wọ aṣọ fún un." Mo fi ọ̀rọ̀ yìí sápò mi mú bọ̀ wálé. Òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà mú lọ.

Bí ẹ ó ti ṣe é nílé

Fún dọ́ńkúwà, ẹ wá àgbàdo gbígbẹ yíyan tí a ti lọ̀ kúnná, ife 2, ẹ̀pà yíyan tí a ti bó tí a sì ti ṣà, ife 2, atalẹ̀ gbígbẹ lílọ̀, ṣíbí ìrotíì 2, kànáfùrù lílọ̀, ìdajì ṣíbí ìrotíì, ata gbígbẹ lílọ̀, ìwọ̀n tí ọmọ yín lè gbà, iyọ̀ díẹ̀, àti ṣúgà, ṣíbí ìjẹun 2 tàbí 3. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ dín ṣúgà kù lè gún dàbínù tí a ti yọ kóró rẹ̀ kúrò mọ́ ọn.

Ẹ kọ́kọ́ gún ẹ̀pà tàbí kí ẹ lọ̀ ọ́ títí òróró rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ẹ tọ́ ọ wò. Bí ó bá korò, ẹ má ṣe tẹ̀ síwájú. Bí ó bá dùn, ẹ da àgbàdo lílọ̀ àti àwọn èròjà yòókù sí i, kí ẹ jùmọ̀ gún wọn títí wọn yóò fi di mọ́ra. Òróró inú ẹ̀pà ni yóò so wọ́n pọ̀. Bí kò bá tó, ẹ ta òróró ẹ̀pà ṣíbí kan sí i, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi omi sí i. Ẹ fọ ọwọ́ yín dáadáa, kí ẹ sì ṣù ú ní róbótó, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìwọ̀n tí ọmọ lè jẹ tán. Ẹ kó o sínú ìgò tàbí ike tí ó gbẹ tí ó sì ní ìdérí. Ìwọ̀nba tí ilé yín yóò jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni kí ẹ máa ṣe.

Fún àádùn, ẹ fi ife 4 àgbàdo yíyan lílọ̀ bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú iyọ̀ àti ata gbígbẹ díẹ̀. Ẹ máa ta epo pupa sí i díẹ̀díẹ̀, bí ife kan tàbí kí ó dín díẹ̀, títí yóò fi ṣeé ṣù. Ẹ má ṣe yọ́ epo náà títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi ṣí, nítorí inú àwọ̀ pupa yẹn ni ohun tí ara ń sọ di fítámì A wà, èyí tí ojú ọmọ nílò.

Ìdí tí ìpápánu wọ̀nyí fi ń mú ebi dúró kò ṣòro láti mọ̀. Nínú gíráàmù 100 ẹ̀pà, bí 25 jẹ́ èròjà tí ń mú ara dàgbà, bí ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rá tí ń fúnni lágbára. Àgbàdo ní tirẹ̀ ń fúnni ní okun. Ṣúgà nìkan kì í pẹ́ nínú ara. Àwọn wọ̀nyí a máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Ní ti atalẹ̀ àti kànáfùrù, wọ́n a máa mú ọ̀fun gbóná, wọ́n a sì máa mú oúnjẹ ta sánsán, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe oògùn ibà tàbí ti ikọ́. Bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé nǹkan mẹ́ta yìí. Èkíní, ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan ni oúnjẹ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í fi oyin sí oúnjẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Èkejì, ẹ̀pà odidi lè há ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lọ́fun. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kí ẹ rò ó mọ́ ẹ̀kọ mímu fún àwọn kékeré, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ jókòó bí ó bá ń jẹun. Ẹ̀kẹta, ara àwọn ọmọ mìíràn kọ ẹ̀pà. Bí ojú tàbí ètè ọmọ bá wú, tàbí bí èémí rẹ̀ kò bá já gaara lẹ́yìn tí ó jẹ ẹ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí mo padà délé, mo pe ọmọ mi, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu, nítorí kì í ṣe ohun tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwa ìyá lójoojúmọ́. Mo gbé àtẹ lé itan, mo ní kí ó jókòó tì mí, kí a jọ ṣa ẹ̀pà. Ojú rẹ̀ mú ju tèmi lọ. Hóró tí mo ti gbójú fò, òun ni ó ń mú un jáde. Nígbà tí a gún un tán, kí a tó fi èròjà kankan sí i, mo bu díẹ̀ fún un láti tọ́ wò. Ó jẹ ẹ́, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Màmá, èyí kò korò." Ìgbà náà ni mo tó na ọwọ́ sí atalẹ̀.